«Ẹ̀yà» kò tó: ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìjọba àti ọrọ̀ ajé Bòlífíà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa gbé kalẹ̀, pé kí a máa pe orúkọ tí Bòlífíà, orílẹ̀-èdè kan ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ń jẹ́ láti ọdún 2009, Estado Plurinacional de Bolivia, ní «Ìpínlẹ̀ Ẹlẹ́yà-Púpọ̀ ti Bòlífíà». Wọ́n tún dá a lábàá pé kí nacionalización (kí ìjọba gba ohun àlùmọ́nì tàbí ilé-iṣẹ́ sọ́wọ́) jẹ́ «ìgbẹ́sẹ̀lé», kí regalía (owó tí ilé-iṣẹ́ ń san nítorí ohun tó ń wà jáde nínú ilẹ̀) jẹ́ «owó orí», kí coca (igi tí wọ́n ń fi ewé rẹ̀ ṣe kokéènì) sì jẹ́ «ewé koko». Ẹ̀gbọ́n ṣiṣẹ́ gidi, ṣùgbọ́n kí wọ́n má bínú, mi ò lè fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

«Ìpínlẹ̀» ni kí a kọ́kọ́ yanjú, torí òun ló rọrùn jù. Ọ̀yọ́ ni ìpínlẹ̀, Ọ̀ṣun ni ìpínlẹ̀: ohun tí a pín lára odidi ni. Estado inú orúkọ Bòlífíà yìí ni odidi fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá rí «Ìpínlẹ̀ Bòlífíà» yóò máa wá orílẹ̀-èdè tó wà lábẹ́ rẹ̀.

«Ẹlẹ́yà» ló burú jù. Ẹ pè é jáde lẹ́nu kí ẹ gbọ́ ọ: yẹ̀yẹ́ ni etí yóò kọ́kọ́ gbọ́, bí ìgbà tí a bá fi èèyàn ṣe ẹlẹ́yà. «Ẹlẹ́yàmẹ̀yà» sì ti di orúkọ ìwà kí a máa fojú tín-ín-rín ẹnì kan nítorí ìran rẹ̀. Ìwà yẹn gan-an ni àwọn tó kọ ìwé òfin àgbà orílẹ̀-èdè wọn ti 2009 fẹ́ fòpin sí. Kò yẹ kí orúkọ ìjọba wọn máa jọ ọ́.

Bí a bá tilẹ̀ tún un ṣe, tí a pè é ní «onírúurú ẹ̀yà», ó ṣì kéré sí ohun tí òfin sọ. Abala 30 ìwé òfin náà ka ohun tó ń sọ àwùjọ kan di nación, ọ̀rọ̀ tó wà nínú Plurinacional: àṣà, èdè, ìtàn àtẹ̀yìnwá, ètò ìṣàkóso tiwọn, ilẹ̀ tiwọn, àti ojú tí wọ́n fi ń wo ayé; kí wọ́n sì ti wà níbẹ̀ kí àwọn ará Sípéènì tó ya wọ ibẹ̀. Ẹ̀yà lè wà láìní ilẹ̀, ó lè wà láìní ìjọba. Nación inú abala 30 kò lè wà bẹ́ẹ̀. Abala 5 sọ èdè 36 wọn di èdè ìjọba pẹ̀lú Sípáníìṣì; Aymara, Quechua àti Guaraní wà nínú 36 náà. Ó sì ní ìjọba departamento (bí ìpínlẹ̀ tiwa) kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lo méjì ó kéré tán, kí Sípáníìṣì jẹ́ ọ̀kan. Àwa náà mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń dun ni: mélòó nínú wa ló ń kọ̀ kí wọ́n pe Yorùbá ní «ẹ̀yà»?

Àbá tèmi ni «Orílẹ̀-Èdè Ọlọ́pọ̀-Orílẹ̀ ti Bòlífíà». «Orílẹ̀-èdè» dúró fún odidi, bí a ti ń lò ó fún Nàìjíríà. «Orílẹ̀» dúró fún àwọn tó wà nínú rẹ̀. Mo mọ ohun tí àwọn tó gbọ́ oríkì yóò sọ, pé orílẹ̀ ni orírun ìdílé, kò tó odidi ìran kan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orírun yẹn ni mo ń wá, torí orírun ni abala 30 fi ṣe ẹ̀rí: ta ló ti wà níbẹ̀ kí àlejò tó dé.

Èyí tó le jù ni ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí òfin náà lẹ̀ mọ́ra: indígena originario campesino. Kò sí àmì ìdánudúró díẹ̀ láàárín wọn, kò sì sí «àti». Ìdí wà. Àwọn ará pẹ̀tẹ́lẹ̀ ìlà-oòrùn, bíi Guaraní àti Chiquitano, ń pe ara wọn ní indígena. Àwọn ayllu (àwùjọ ìbátan tó jọ ní ilẹ̀) orí òkè, tí ẹgbẹ́ CONAMAQ kó jọ, yan originario. Àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ CSUTCB di campesino mú, ọ̀rọ̀ tí ìjọba fi rọ́pò indio, tó ti di èébú, lẹ́yìn ìyípadà ńlá ọdún 1952. Nígbà tí wọ́n jọ jókòó kọ òfin, kò sẹ́ni tó fẹ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀, ni wọ́n bá so ó pọ̀. Tí a bá fi «àti» sí i, a ti sọ ọ́ di irú èèyàn mẹ́ta. Mo dá a lábàá: «ìbílẹ̀-ìṣẹ̀dálẹ̀-àgbẹ̀». Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lo «ọmọ onílẹ̀» fún indígena. Ẹni tó ti ra ilẹ̀ rí l'Ékòó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ti dà. Ẹ má sì lo «ará oko» fún campesino, èébú ni.

Ọ̀rọ̀ tí a bá yàn kì í ṣe ọ̀ràn kékeré. Ní ìkànìyàn 2001, wọ́n to orúkọ àwọn ìran náà kalẹ̀, wọ́n ní kí èèyàn mú tirẹ̀: nǹkan bí ìdá 62 nínú 100 àwọn tó ti pé ọdún 15 mú ọ̀kan. Ní 2012, ọ̀rọ̀ alásopọ̀ yẹn wọ inú ìbéèrè, ìdá náà sì wálẹ̀ sí nǹkan bí 41. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tó fà á, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe gbé ìbéèrè kalẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí. Ará ìlú El Alto tó ń ta aṣọ lè jẹ́ Aymara pọ́ńbélé, kó má sì rí ara rẹ̀ nínú «campesino».

Ní ti ilé ẹjọ́ àwọn orílẹ̀ yìí, «kóòtù ìbílẹ̀» yóò ṣi àwọn òǹkàwé wa lọ́nà. Tiwa wà nísàlẹ̀, a lè pe ẹjọ́ rẹ̀ lọ sókè. Abala 179 fi tiwọn sí ipò kan náà pẹ̀lú kóòtù gbogboògbò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin 073 ti ọdún 2010 yọ ẹ̀sùn bí ìpànìyàn àti ìfipábánilòpọ̀ kúrò lọ́wọ́ wọn. «Ìdájọ́ orílẹ̀» tó. «Olú-ìlú» sì jẹ́ ti Sucre nìkan, abala 6 ló sọ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni kóòtù tó ga jù wà. La Paz, níbi tí ààrẹ àti ilé aṣòfin wà, jẹ́ «ibùjókòó ìjọba».

Ó wá ku ọ̀rọ̀ gáàsì. «Ìgbẹ́sẹ̀lé» bá ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ epo Amẹ́ríkà méjì, Standard Oil ní 1937 àti Gulf Oil ní 1969, mu: ìjọba gba dúkìá wọn. Ti 1 Oṣù Karùn-ún 2006 kò rí bẹ́ẹ̀. Àṣẹ 28701 tí Evo Morales, ààrẹ ìgbà náà, fọwọ́ sí fún àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè bíi Petrobras àti Repsol ní ọjọ́ 180 kí wọ́n tọwọ́ bọ àdéhùn tuntun. Wọ́n ń wa gáàsì lọ. YPFB, ilé-iṣẹ́ ìjọba, ló di olóhun tí ń tà á, tó sì ń dá iye rẹ̀. Àṣẹ náà lo nacionalizar, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó fi ṣàlàyé rẹ̀ ni recuperar, kí a gba nǹkan padà. Nítorí náà «ìgbàpadà» ni mo fara mọ́ fún 2006, kí «ìgbẹ́sẹ̀lé» dúró fún àwọn ti ìṣáájú. Ẹni tó bá lo ọ̀rọ̀ kan fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní lè ṣàlàyé ìdí tí Petrobras fi ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn 2006.

Regalía kì í ṣe owó orí rárá, òfin wọn ya méjèèjì sọ́tọ̀. A ní ọ̀rọ̀ fún un láti ayébáyé: ìṣákọ́lẹ̀, ohun tí ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ń san láti jẹ́wọ́ pé ilẹ̀ kì í ṣe tòun. Abala 349 ní àwọn ará Bòlífíà ló ni ohun tó wà nínú ilẹ̀. Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nínú gbogbo 100 tí gáàsì bá mú wá lẹ́nu kànga, ìṣákọ́lẹ̀ jẹ́ 18: 11 fún departamento tí gáàsì ti jáde, 1 fún departamento Beni àti Pando, 6 fún àpò ìjọba àpapọ̀. Owó orí tí wọ́n ń pè ní IDH, láti 2005, jẹ́ 32. Fún àwọn pápá ńlá méjì, San Alberto àti Sábalo, àṣẹ 2006 fi 32 mìíràn kún un fún YPFB lásìkò ìdúnàádúrà, ó di 82, ilé-iṣẹ́ mú 18 tó kù. Tí a bá pe gbogbo rẹ̀ ní «owó orí», òǹkàwé kò ní mọ ìdí tí departamento Tarija, níbi tí gáàsì pọ̀ sí jù, fi ń jà fitafita nítorí 11 yẹn.

«Ewé koko» ńkọ́? Láìsí àmì ohùn, kòkó ni yóò jẹ́, tàbí kókò tí à ń sè jẹ, tàbí kókó ara igi. Ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ ní «kóka», kí «kokéènì» dá dúró. Abala 384 ní ewé náà, bí Ọlọ́run ṣe dá a, kì í ṣe oògùn olóró. Òfin 906 ti 2017 gbà kí wọ́n gbìn ín sórí hẹ́kítà 22,000: 14,300 ní Yungas, ní ẹkùn La Paz, 7,700 ní ẹkùn Cochabamba. Ní Chapare, lára Cochabamba, ìdílé kọ̀ọ̀kan ní cato kan, mítà 40 níbùú, 40 lóròó. Ẹni tó ń gbìn ín ni cocalero. «Àgbẹ̀ kóka» ni kí a máa pè é, kí a fi «oníṣòwò oògùn olóró» sílẹ̀ fún ẹni tó ń sọ ewé náà di kokéènì.