Ọmú mi le bí òkúta, ọmọ ò rí i gbé sẹ́nu mọ́. Ṣé omi gbígbóná tí màmá fi ń jó o yìí dára?

Ìyá Ìkókó, Ìbàdàn (ọjọ́ Àbámẹ́ta, òru)

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o. Ẹ má bínú bí mo bá ṣì í kọ, ọwọ́ kan ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, ọmọ wà ní ọwọ́ kejì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni mo bí àkọ́bí mi, obìnrin. Láti ọjọ́ náà títí di Ọjọ́bọ̀, ọmú mi ṣì rọ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo tiẹ̀ ń bẹ̀rù pé bóyá wàrà ò ní í wá rárá, torí ohun tó ń jáde kò ju ẹ̀kán méjì mẹ́ta lọ, ó pọ́n, ó ń fà bí oyin. Màmá ọkọ mi tó wá bá wa tọ́mọ ní kí n fún un dànù, pé kò mọ́. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún wa ní wọ́ọ̀dù pé ọmọ ló ni ín, mi ò dà á nù.

Ní òru Ọjọ́bọ̀ mọ́jú ọjọ́ Ẹtì, mo jí, ó dà bíi pé ẹnì kan gbé ọlọ méjì lé mi láyà. Ó le, ó ń dán, gbogbo iṣan rẹ̀ yọ síta, ó wú dé abíyá. Mi ò lè sọ apá kalẹ̀. Mò ń rìn bí ẹni tó há ìkòkò sí abẹ́ apá méjèèjì. Èyí tó dùn mí jù ni pé orí ọmú ti rì, ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọmọ á la ẹnu, á gbé e, á yọ̀ bọ́rọ́, á figbe ta. Ó ń sunkún, èmi náà ń sunkún.

Àárọ̀ àti alẹ́ ni màmá ń gbé omi gbígbóná wá. Wọ́n á ki aṣọ bọ inú rẹ̀, wọ́n á fún un, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọmú, wọ́n á wá máa ra á láti òkè wá sísàlẹ̀ bí ẹni ń po ìyẹ̀fun. Lánàá wọ́n tún mú òòyà onígi, wọ́n ní bí a ṣe ń ya irun ni ká fi ya ọmú náà, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún àwọn nígbà tí wọ́n bí ọkọ mi. Mo ké débi pé ayálégbé tó wà lókè wá kan ilẹ̀kùn. Tí wọ́n bá parí, ara á fúyẹ́ fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà á wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Wọ́n tún ní kí n fún ọmọ ní omi glúkóòsì kí ọmú lè sinmi. Mi ò fẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó dà bí àfojúdi. Àwọn ni wọ́n ń fọ aṣọ mi, tí wọ́n ń ro àmàlà mi, tí wọ́n ń wẹ ọmọ.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ọmọ yìí ṣe máa rí ọmú gbé? Ṣé kí omi gbígbóná máa lọ bẹ́ẹ̀? Ẹnì kan ní kí n fi ewé kábéèjì lé e, ṣé òótọ́ ni àbí àwàdà? Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni ìkómọ, búbà léèsì tí mo dá ò kọjá èjìká mi.

Mo fẹ́ gbàgbé: nígbà tí mò ń rọbí, wọ́n fa omi sí mi lára, ó tó báàgì mẹ́rin. Ẹsẹ̀ mi náà ṣì wú.

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Kú ewu ọmọ o, àbúrò mi. Ọlọ́run á wò ó, á dá a sí.

Ọlọ méjì tó o kọ yẹn, mo rẹ́rìn-ín, mo sì fọwọ́ kan àyà ara mi. Ọdún 2016 ni mo bí tèmi. Mo rò pé ẹnu méjì á mú un tán, àṣé orí ọmú tó bá ti tẹ́, ẹnu mẹ́wàá ò lè gbé e. Ìyá tó bí mi gan-an ló ń jó tèmi. Ìgbà tí awọ bó lábẹ́ ọmú òsì ni wọ́n tó dáwọ́ dúró, mo sì wá ń tọ́jú ojú iná mọ́ ọmú tó wú.

Ohun tó gbà mí, nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn ìjọba ló fi hàn mí, kò sì ná mi ní kọ́bọ̀. Ó ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀. Kí n fi orí ìka yí ìdí orí ọmú ká, níbi dúdú yẹn gan-an, kí n wá tẹ̀ ẹ́ wọlé, lọ sí ọ̀nà egungun àyà. Kì í ṣe fífún o! Má fà á, má ra á. Ṣáà tẹ̀ ẹ́, jẹ́jẹ́, má gbé ọwọ́ kúrò, kó o ka 1 dé 60. Tó o bá kà á tán, sún ìka rẹ sí ibòmíràn ní àyíká kan náà, tún kà á. Nígbà tí mo gbé ọwọ́ kúrò, ojú ìka mi jin síbẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn fọwọ́ tẹ àmàlà. Àyíká orí ọmú ti rọ̀, orí ọmú yọ. Mo gbé Táyé sí i kíá, kí ó tó tún le, ó sì gbá a mú. Gbì, gbì, gbì, mò ń gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì. Omi bọ́ lójú mi.

Gbogbo ìgbà tí ọmọ bá fẹ́ mu ni mò ń ṣe é fún bí ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn ìyẹn mi ò nílò rẹ̀ mọ́.

Tí kò bá sí iná tàbí fíríìjì lọ́dọ̀ rẹ, ra píọ̀ wọ́tà tó ti dì, méjì tàbí mẹ́ta, lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á níta. Wé e sínú ìnura. Tí ọmọ bá mu tán, gbé e lé ọmú fún bí 15 ìṣẹ́jú. Má jẹ́ kó kan ara lásán. Tó bá yọ́ tán, mu ún, òùngbẹ ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú kì í ṣe kékeré.

Búbà ńkọ́? Búbà ọkọ mi ni mo wọ̀ lọ́jọ́ ìkómọ, mo da ìborùn lé e. Títí dòní, ẹni tó bá wo fọ́tò náà ò mọ̀.

Àbẹ̀kẹ́, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Kábéèjì kì í ṣe àwàdà o. Níbí, agbẹ̀bí ló máa ń wá bá èèyàn nílé. Ọjọ́ karùn-ún tó wá gún ọmọ ní gìgísẹ̀ láti gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò ló bá mi lórí àga tí mò ń sunkún, ó sì rán ọkọ mi lọ ra kábéèjì. Ọkọ mi rò pé a fẹ́ se nǹkan ni. Fọ ewé náà, gbé e sínú fíríìjì, gé ibi tó gún kúrò láàárín, kó o wá tẹ́ ẹ sínú kọ́mú, kó má bo orí ọmú. Tó bá ti rọ, pààrọ̀ rẹ̀. Ó ń mú kí ara rọ̀ mí, àmọ́ gbogbo yàrá á máa rùn bí ọbẹ̀ àná. Kọ́mú náà kò gbọdọ̀ fún, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀já dì ọ́ láyà.

Màmá Ọ̀ṣogbo

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ má bú omi gbígbóná o. Ọmọ márùn-ún ni mo bí, omi gbígbóná ni wọ́n fi jó mi fún márààrún, gbogbo wọn mu ọmú yó. Ìyá ọkọ tó gbé omi kaná fún ìyàwó ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá.

Agbẹ̀bí Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Ẹ kú ewu ọmọ, ìyá ìkókó. Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí débi pé ọmú tó le kì í bà mí lẹ́rù mọ́. Ibà ló ń bà mí lẹ́rù, n ó dé ibẹ̀.

Màmá Ọ̀ṣogbo ò parọ́, ó kàn ku ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Aṣọ tí a rẹ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ẹ lè gbé lé ọrùn ọwọ́ láì fa ọwọ́ sẹ́yìn, fún ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta kí ọmọ tó mu, ó ń jẹ́ kí wàrà sọ̀. Èyí tó ń jó ni láàárọ̀ lálẹ́, tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ọmú títí, ṣe ló tún ń pe ẹ̀jẹ̀ wá síbi tí ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù. Nítorí kì í ṣe wàrà nìkan ló wà nínú ọmú tó bá wú ní ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún. Ẹ̀jẹ̀ ti sáré wá síbẹ̀, omi ara náà ti kóra jọ sáàárín ẹran ọmú. Báàgì mẹ́rin tí wọ́n fà sí yín lára ń dá kún un. Ẹsẹ̀ yín tó wú àti ọmú yín, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ibi tí òòyà ti kùnà nìyẹn: omi tó wà láàárín ẹran ò lè gba orí ọmú jáde, bó ti wù kí ẹ yà á tó. Ẹran inú rẹ̀ ni ẹ ń ṣe léṣe, á sì tún wú sí i.

Títẹ̀ tí Ìyá Ìbejì ṣàlàyé, òun gan-an ni kí ẹ ṣe, torí ó ń ti omi yẹn sẹ́yìn kúrò ní ọ̀nà ẹnu ọmọ. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kí ọmọ la ẹnu gbàgà kí ẹ tó fà á mọ́ra. Ọmọ ni kí ẹ gbé wá bá ọmú, ẹ má bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọmọ. Ẹ máa fún un lọ́mú ní ìgbà 8 sí 12 láàárín wákàtí 24, òru wà nínú rẹ̀. Tó bá sùn ju wákàtí mẹ́ta lọ báyìí, ẹ jí i. Tí kò bá rí i gbé rárá, ẹ fi ọwọ́ fún díẹ̀ sínú ife mímọ́, kí ẹ fi ṣíbí fún un. Díẹ̀ ni mo wí o, ìwọ̀n tí ara á fi rọ̀. Ẹ̀rọ tó ń fa ọmú tí ẹ bá gbé lé e títí ó fi gbẹ, ṣe ni ara á rò pé ìbejì ni ẹ bí, á tún ṣe púpọ̀ sí i lọ́la.

Ní ti kábéèjì, mo gbà pé títutù rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Píọ̀ wọ́tà dín owó kù. Fún ìrora, ẹ lè lo parasítámọ́ọ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí. Ibuprofen náà ò burú fún ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú, àfi ẹni tó bá ní ọgbẹ́ inú.

Omi glúkóòsì, rárá. Ikùn ìkókó kéré. Tí omi bá kún un, kò ní í mu ọmú, ọmú á sì tún le. Ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, kò yí padà.

Ibà wá nìyí. Tí ara yín bá gbóná tó ìwọ̀n 38 Celsius, tí òtútù ń mú yín, tí gbogbo ara ń ro yín bí ti ibà ẹ̀fọn, tí apá kan ọmú pọ́n tó sì ń jó bí iná, ẹ má dúró de ìkómọ. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ máa fún ọmọ lọ́mú náà lọ. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀, ó lè di oówo tó máa nílò kí wọ́n là á.

Màmá ọkọ yín fẹ́ ṣe nǹkan ni. Ẹ má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ẹ fi píọ̀ wọ́tà àti ìnura sí ìkáwọ́ wọn, ẹ ní kí wọ́n máa bá yín ka 1 dé 60. Tí ẹ bá sì lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ, kí wọ́n bá yín lọ, kí ẹnu nọ́ọ̀sì ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ ìkómọ, ẹ ṣọ́ra. Ọmọ á ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, á sùn, ẹni kankan ò ní í rántí pé kò tíì mu. Mo ti gba ọ̀pọ̀ ìyá wọlé lálẹ́ ọjọ́ ìkómọ.

Ìyá Ìkókó, Ìbàdàn (Ọjọ́rú)

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun.

Mo tẹ̀ ẹ́ ní aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ Àìkú. Ìgbà àkọ́kọ́, mo yára gbé ọwọ́ kúrò, kò ṣiṣẹ́. Ìgbà kejì mo kà á tán, orí ọmú yọ, ọmọ gbé e, ó mu ọmú ọ̀tún fún ìṣẹ́jú 25, ó sùn pẹ̀lú wàrà lẹ́nu. Mo jí ọkọ mi kó wá wò ó. Ó ní kí ni kí òun wò.

Pẹ̀lú màmá, ọjọ́ kan gbáko ni mo fi wá ọ̀nà ọ̀rọ̀. Níkẹyìn mo ní, "Màmá, ẹ bá mi kà á, oorun ń kùn mí." Wọ́n kà á. Nígbà tí wọ́n rí ojú ìka tó jin síbẹ̀, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní, "Omi mà ni lóòótọ́." Láti ìgbà náà, àwọn ló ń lọ ra píọ̀ wọ́tà dídì ní ìkóríta, wọ́n sì ń bá ọmọbìnrin tó ń tà á jà tí kò bá dì dáadáa. Omi wọn ṣì ń gbóná láàárọ̀, ikùn mi ni wọ́n fi ń jó báyìí. Mo gbà.

Lánàá la sọmọ lórúkọ. Bí agbẹ̀bí ṣe wí gan-an ló rí. Nígbà tó fi máa di aago 11, mi ò tíì rí ọmọ mi láti aago méje, omi ọmú ti rin búbà ọkọ mi gbindin lábẹ́ ìborùn. Màmá wò mí lójú kan, wọ́n kọjá láàárín àwọn àlejò, wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá ìjọ nínú orin, wọ́n gbé e wá bá mi ní yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ọmú òsì ṣì ní ibì kan tó le díẹ̀ lápá abíyá, kò pọ́n, ara mi ò gbóná, mò ń ṣọ́ ọ. Òòyà yẹn, irun orí mi ni mo fi yà lánàá.