Fíìmù ogun wo lẹ lè fọwọ́ sọ̀yà fún?

Fẹ́mi Sábó
Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Èmi àti ẹ̀gbọ́n kan tó ń ta páàtì ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Nínú àwọn fíìmù ogun tí wọ́n ṣe láti bí ọgbọ̀n ọdún síbí, èwo ló tó gan-an? Kì í ṣe èyí tí ìbọn ti dún jù o. Èyí tí ẹ wò tí kò kúrò lára yín ni mò ń wí. Ẹ má kàn dárúkọ, ẹ sọ bó ṣe ṣe yín.
Tèmi ni Saving Private Ryan. 1998 ni Spielberg gbé e jáde, àmọ́ ó pẹ́ kí n tó rí i, CD àyálò ni. Bí ìṣẹ́jú 25 ni wọ́n fi jà ní etíkun Normandy yẹn, ẹ̀bà tó wà níwájú mi sì tutù síbẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀bútè
Dunkirk. Ọ̀rọ̀ parí.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbó
Kò tíì parí o, ọmọ Ẹ̀bútè. Ta ni wọ́n ń bá jà nínú Dunkirk? Títí fíìmù yẹn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, èèyàn ò rí ojú ọmọ ogun Jámánì kan ṣoṣo.

Ọmọ Ẹ̀bútè
Ohun tó jẹ́ kó dára nìyẹn, mà. Ẹni tó ń sá fún ikú kì í ráyè wo ojú ẹni tó ń lé e. Àwọn ọmọ ogun tí wọ́n kó kúrò ní èbúté Dunkirk yẹn ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1940 lé ní 338,000, ọkọ̀ ojú omi àwọn aráàlú lásán sì wà lára èyí tó lọ kó wọn. Èmi tí mò ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ẹ̀bútè lọ sí CMS, nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ inú ọkọ̀ tí wọ́n sé àwọn ọmọ yẹn mọ́, mo dìde dúró nínú yàrá mi.

Kámẹ́rà Ẹ̀pẹ́
Fíìmù 1917 ni tèmi. Fídíò òde ìnáwó ni mò ń yà, mo mọ ohun tó ń jẹ́ kéèyàn máa gbé kámẹ́rà tẹ̀ lé ẹni tó ń rìn. Wọ́n ṣe é bí ẹni pé wọn ò gé e rárá! Roger Deakins tó ya á gba Oscar fún un, ó sì tọ́ sí i.

Ọmọ Ṣọ́jà
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ó lè gùn díẹ̀. Inú bárékè ni mo dàgbà sí kí a tó kó wá sí Odogúnyán. Bàbá mi wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ sí Làìbéríà pẹ̀lú ECOMOG, àwọn ọmọ ogun àjọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Láti kékeré wa, wọn kì í sọ ohunkóhun nípa ibẹ̀. Tí a bá bi wọ́n, wọ́n á ní ká lọ ka ìwé wa.
Lálẹ́ ọjọ́ kan, àbúrò mi gbé Ryan yìí sí i. Bàbá jókòó ti ògiri, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Gbogbo ìbọn etíkun yẹn, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà wọn lọ. Àfi ìgbà tó kan ibi tí wọ́n ti yìnbọn lu Wade, ọmọ tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́. Tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyá rẹ̀. Bàbá gbé àwo ẹ̀pà sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ Ìdómà kan kú lọ́wọ́ mi. Mi ò gbọ́ èdè rẹ̀, àmọ́ mo mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ló ń pè." Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú ilé. Wọ́n wá ní ká má pa fíìmù náà, ká jẹ́ kó parí.
Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé bàbá mi gbé òkú ẹnì kan rí.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbó
Háà. Ọlọ́run á ṣìkẹ́ bàbá fún wa. Ẹ bá mi kí wọn.

Fẹ́mi Sábó
Ara mi bù máṣọ. Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n sọ̀rọ̀ sí i lẹ́yìn ìyẹn?

Ọmọ Ṣọ́jà
Díẹ̀díẹ̀. Wọ́n sọ orúkọ ọmọ náà fún wa. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, ó ní ẹbí.

Jídé Agric
Ẹ má bínú sí mi, mo fẹ́ sọ òótọ́. Ìtàn bàbá yín ló wọ̀ wá lára, kì í ṣe fíìmù yẹn. Lẹ́yìn etíkun, Ryan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀: àwọn akọni mélòó kan, afárá kan, àsíá Amẹ́ríkà tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Àti pé àwọn ará Làìbéríà náà ní ohun tí wọ́n máa sọ nípa ECOMOG.

Ọmọ Ṣọ́jà
Wọ́n ní in, Jídé. Bàbá mi gan-an gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó ti dé ojú ogun wò ó, kò bínú pé wọ́n purọ́ mọ́ ohun tí ojú òun rí. Fíìmù mélòó ló lè ṣe ìyẹn?

Sẹ̀wánù Àgbádárìgì
Ẹ mẹ́nu ba irọ́! Ta ló rántí Tears of the Sun? 2003, Bruce Willis. Nàìjíríà ni wọ́n pè é, Hawaii ni wọ́n ti lọ yà á. Ilé ìwòran kún fọ́fọ́ níbí lọ́jọ́ tí mo wò ó, gbogbo èèyàn ń béèrè pé, "Ìpínlẹ̀ wo nìyí?" Wọ́n ní ológun dojú ìjọba bolẹ̀, wọ́n ń pa ẹ̀yà Ìgbò, àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà wá ń kó èèyàn gba inú igbó lọ sí Kamẹrúùnù. Bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ Ìgbò wà láàárín wa, ó la ogun Biafra já ní kékeré. Kò pariwo. Ó ní, "Wọ́n mú ikú wa, wọ́n fi ṣe ẹ̀yìn àwòrán fún ọkùnrin kan." Ó jáde. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti rí fíìmù ogun tó wá sí Áfíríkà, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò ni bóyá àwa náà ní orúkọ nínú rẹ̀.

Alákẹ́ Ẹ̀pẹ́
Sẹ̀wánù, o ti sọ ohun tó wà lọ́kàn mi nípa Black Hawk Down. Mogadishu lọ́dún 1993: ṣọ́jà Amẹ́ríkà 18 kú, àwọn ará Sòmálíà tó kú wọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Nínú fíìmù, mo mọ orúkọ àwọn ti Amẹ́ríkà. Àwọn ará Sòmálíà ń ya bí eṣú ni. Ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, Ridley Scott, mi ò lè fi ìyẹn dù ú. Àmọ́ mi ò lè pè é ní ńlá.
Èyí tí mo máa búra fún ni Beasts of No Nation, 2015. Gánà ni wọ́n ti yà á. Abraham Attah, ọmọdé tí kò ṣe fíìmù kankan rí, ló jẹ́ Agu, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ ní Venice. Olùkọ́ ni mí. Kí wọ́n tó fi àdá lé e lọ́wọ́, ọmọ alápàárá bíi ti kíláàsì mi ló jẹ́, tó ń gbé àpótí tẹlifíṣọ̀n tó ṣófo kiri tí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣeré nínú rẹ̀. Mo wò ó tán lálẹ́ Sunday, mi ò lè lu ọmọ kankan ní kíláàsì lọ́jọ́ Monday.

Jídé Agric
Lórí ìyẹn, mo fara mọ́ ọn. Idris Elba tó ṣe ọ̀gá àwọn ọmọ ogun yẹn bà mí lẹ́rù gan-an.

Ọmọ Ẹ̀bútè
Jagun Jagun ńkọ́? Kò sẹ́ni tó dárúkọ Fẹ́mi Adébáyọ̀.

Kámẹ́rà Ẹ̀pẹ́
Ogun òde òní là ń sọ.

Ọmọ Ẹ̀bútè
Fíìmù òde òní ni Fẹ́mi Sábó béèrè. 2023 kì í ṣe òde òní ni?

Ìyá Ìbejì Ìgbógbó
Mo gbádùn Jagun Jagun, mo sì tún un wò. Àmọ́ oògùn ń jà fún wọn. Ibi tí ìdáná bá ti lè dá ọta dúró, ẹ̀rù ò bà mí fún ẹnikẹ́ni. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn Hacksaw Ridge nìyẹn: Desmond Doss ò mú ìbọn dání rárá, ó sì gbé bí èèyàn 75 sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè yẹn ní Okinawa ní Japan.

Sẹ̀wánù Àgbádárìgì
"Ìdáná" kẹ̀, mà? Ṣé òǹdè, oògùn tí wọ́n ń so mọ́ra, lẹ ń wí ni?

Ìyá Ìbejì Ìgbógbó
Òǹdè. Fóònù yìí ni.

Alákẹ́ Ẹ̀pẹ́
Àwọn tiwa tó lọ jà ní Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ńkọ́? Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀: wọ́n yìnbọn lù ú lọ́dún 1944, wọ́n fi í sílẹ̀ sínú igbó, ìdílé Mùsùlùmí kan ní abúlé ibẹ̀ gbé e pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi padà. Al Jazeera ṣe ètò lórí rẹ̀ ní 2011, ó sì ṣì wà láàyè nígbà náà. Fíìmù ńlá gidi nìyẹn. Ta ló ń dúró dè é?

Fẹ́mi Sábó
Ká tiẹ̀ tó dé Bọ́mà, ta ló máa ya ogun Ìkòròdú ti 1865? Ẹ̀gbá dó ti ìlú yìí, wọ́n há àwọn ará ibẹ̀ mọ́ inú odi.

Ọmọ Ẹ̀bútè
Ẹ gbé e fún Ikorodu Bois, àwọn ọmọ tó máa ń fi fídíò sín fíìmù ńlá jẹ. Ohun èlò inú ilé ni wọ́n fi sín ìpolówó fíìmù Extraction jẹ, tí gbogbo ayé fi gbọ́ orúkọ wọn.

Kámẹ́rà Ẹ̀pẹ́
Kòsọ́kọ́, ọba Èkó ìgbà kan, ló yẹ kó kọ́kọ́ ní fíìmù. Wọ́n lé e kúrò l'Ékòó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ló gbà á.

Jídé Agric
Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, Ìkòròdú ni mò ń gbé. Bí ẹ bá máa ya ti 1865, ẹ fi ìdí tí a fi wá sínú rẹ̀. Ọ̀nà tí ọjà Ìbàdàn ń gbà dé Èkó ni ìjà yẹn dá lé. Àwọn tí rọ́kẹ́ẹ̀tì Glover, òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, pa náà ní ìyá. Ẹ má yà wá bí wọ́n ṣe ya àwọn ará Sòmálíà.

Alákẹ́ Ẹ̀pẹ́
Ìwọ gan-an ni kó ṣe balógun Ẹ̀gbá.

Fẹ́mi Sábó
A gbà. Àmọ́ Ìkòròdú ló borí ní ìparí o.

Jídé Agric
Glover ló borí.