Wọ́n ní òtútù ló pa àbúrò ọkọ mi ní Kánádà, kí ló dé tó bọ́ṣọ?

IyaMide_Mushin
Ẹ jọ̀ọ́ ẹni tó bá mọ̀ nípa àyẹ̀wò òkú kó dá mi lóhùn. Àbúrò ọkọ mi kú ní Kánádà nínú oṣù January, ẹ̀yìn ibi ìgbọ́kọ̀sí kan ni wọ́n ti bá a láàárọ̀, rípọ́ọ̀tì ní òtútù ló pa á. Ohun tí ò jẹ́ kí màmá wọn sùn ni pé kóòtù ẹ̀ àti súẹ́tà ẹ̀ wà nílẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan ti bọ́. Wọ́n ní ta ló máa bọ́ṣọ nínú yìnyín, pé wọ́n pa ọmọ àwọn ni, àwọn kan nínú ẹbí tiẹ̀ ti ń dárúkọ ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń gbé. Bẹ́ẹ̀ fóònù àti owó ẹ̀ wà lápò o. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fẹ̀sùn kan ọmọ ọlọ́mọ. Ṣé nǹkan kan wà lára òkú tó lè fi hàn pé òtútù ni lóòótọ́?

Labu_IdiAraba
Ẹ kú ìrọ́jú Ìyá Mide, Ọlọ́run á tu màmá nínú. Iṣẹ́ lábù ni mò ń ṣe. Ẹ bá mi sọ fún màmá pé ti aṣọ yẹn ò ní kó jẹ́ pé wọ́n pa á, àwọn dókítà máa ń rí i lára ẹni tí òtútù pa. Tí òtútù bá kọ́kọ́ dé, ara á fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ pọ̀ kí ooru má baà jáde, tó bá wá pẹ́, á rẹ iṣan yẹn, á tú, ẹ̀jẹ̀ tó gbóná á ya wá sábẹ́ awọ, ooru á wá máa mú ẹni tí òtútù ń pa lọ, ọpọlọ ẹ̀ náà ò já gaara mọ́, ló bá ń bọ́ṣọ. Àwọn míì tún máa ń rá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù.

Ní ti àmì, kò sí ẹyọ kan tó lè dá ẹjọ́ yẹn, wọ́n máa ń kó o jọ ni. Tí wọ́n bá la àpòlúkù, wọ́n lè rí àmì dúdú tóótòòtó bíi ti ara àmọ̀tẹ́kùn, dókítà ará Rọ́ṣíà kan, Wischnewski, ló kọ nípa ẹ̀ ní 1895. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rí i lára ẹni tí àtọ̀gbẹ pa náà. Orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́ lè pọ́n, àmọ́ lára aláwọ̀ dúdú bíi tiwa kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kítónì, ìyẹn èròjà tí ara máa ń ṣe tó bá ń jó ọ̀rá, torí ara tó ń wá ooru máa ń jó ọ̀rá, kítónì á wá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, nínú ìtọ̀, àti nínú omi inú ẹyinjú. Adrenaline, èròjà tí ara máa ń tú jáde nígbà ìnira, náà máa ń pọ̀ nínú ìtọ̀.

Kodurumu_Ijora
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Inú kóòdù rúùmù ẹja ni mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Íjọ́ra, -18 ló máa ń wà. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ẹni tó ń gbọ̀n ṣì ń jà, tó bá dáwọ́ gbígbọ̀n dúró tí ò tíì jáde, ká sáré wọ́ ọ síta. Ìbéèrè tèmi ni pé tí òkú bá ti wọ fúríìjì móṣúárì, ṣé gbogbo àmì yẹn ò ní dàrú?

Labu_IdiAraba
Ìbéèrè gidi nìyẹn. Fúríìjì lè mú kí ara òkú pọ́n díẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọn kì í gbára lé àwọ̀ nìkan. Àmọ́ fúríìjì ò lè mú kí òkú jó ọ̀rá, alààyè nìkan ló ń ṣe ìyẹn. Ohun tó ń dàrú gan-an ni pé àtọ̀gbẹ, ebi àti kéèyàn ti máa mu ọtí jù tipẹ́ náà ń gbé kítónì sókè, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ìyẹn kúrò kí wọ́n tó pè é ní òtútù. Àmọ́ tí ọtí bá pọ̀ lára ẹ̀ lásìkò tí òtútù ń mú un, kítónì lè má pọ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ òtútù náà ni.

IyaMide_Mushin
Ẹ ṣé gan-an. Ojú ìwé kan péré ni èyí tó wà lọ́wọ́ wa, ẹ̀gbọ́n wọn tó wà lọ́hùn-ún máa béèrè odindi rípọ́ọ̀tì. Mo ti ka ti aṣọ yẹn fún màmá, wọ́n ti ní kẹ́nikẹ́ni má dárúkọ ọ̀rẹ́ yẹn mọ́. Bàbá wọn ní àtọ̀gbẹ o, ṣé ká sọ fún dókítà ọ̀hún?

Labu_IdiAraba
Ẹ sọ fún wọn lónìí. Kí wọ́n béèrè ṣúgà inú omi ẹyinjú àti HbA1c, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn.