Ṣé òfin lè gbà wá lọ́wọ́ àwọn tó ń fi orúkọ Ìjẹ̀bú ta gàrí tí kì í ṣe ti Ìjẹ̀bú?

Ọmọ_Orù:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Màmá mi ń yan gàrí ní Orù-Ìjẹ̀bú, èmi ni mò ń bá wọn tà á ní Èkó. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an ni. Gbogbo ọjà tí mo bá dé báyìí, "Original Ìjẹ̀bú" ni wọ́n kọ sára ọ̀rá, kódà èyí tó jẹ́ pé o ò tíì bu ṣúgà sí i tó ti wú tó ti rọ̀ nínú omi, tí kò sì kan rárá. Tiwa, wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e lọ sí ẹ̀rọ, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á fi jáàkì tẹ̀ ẹ́, á sì wà níbẹ̀ títí á fi kan dáadáa, ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, nígbà míì ó lè pé márùn-ún, kí wọ́n tó jọ̀ ọ́ kí wọ́n tó gbé e ka iná, iná yẹn náà ò sì gbọ́dọ̀ pọ̀ jù. Àwọn tó ń kánjú, òní ni wọ́n lọ ẹ̀gẹ́, ọ̀la ni wọ́n ti ń yan án. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á, oníbàárà á wá máa wò mí bíi pé mo fẹ́ rẹ́ òun jẹ.

Mo gbọ́ pé èèyàn ò lè lọ ṣe wáìnì níbòmíì kó pè é ní Champagne, orúkọ agbègbè kan nílẹ̀ Faransé. Ṣé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà ní Nàìjíríà? Ṣé mo lè lọ rẹ́jísítà "Gàrí Ìjẹ̀bú" lórúkọ màmá mi?

Lọ́yà_Ẹ̀gbá:
Ẹ kú làálàá, ẹ bá wa kí màmá. Iṣẹ́ trademark, ìyẹn àmì tàbí orúkọ ọjà tí èèyàn fi òfin gbà, ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè tó gbẹ̀yìn. Rárá o, ẹ ò lè gba orúkọ Ìjẹ̀bú fún ẹnì kan ṣoṣo, kò sì yẹ kó ṣeé ṣe. Òfin trademark wa, ti 1965, kì í fẹ́ kí ẹnì kan ṣàdédé sọ orúkọ ìlú di tiẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń yan gàrí ní Àgọ́-Ìwòyè, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Ìjẹ̀bú-Òde ló jọ ni orúkọ yẹn.

Ohun tí ẹ̀ ń wá ni wọ́n ń pè ní geographical indication, GI, ìyẹn ààbò fún orúkọ ibi tí ọjà ti wá. Àdéhùn TRIPS ti WTO, àjọ tó ń rí sí òwò láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, tí Nàìjíríà wà nínú ẹ̀, sọ ọ́ ní abala 22 pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan fi ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn tọ́rọ̀ kàn láti dá ẹni tó bá ń fi orúkọ ibì kan tan oníbàárà jẹ dúró. Ghana ti ṣe òfin GI tiwọn láti 2003. Àwa ò tíì ní òfin tó dá dúró fún un, ó sì yẹ kójú tì wá, pẹ̀lú gbogbo aṣọ òkè Ìṣẹ́yìn, àdìrẹ Abẹ́òkúta àti ìrẹsì Ọ̀fadà tá a ní.

Àmọ́ ọ̀nà kan wà. Abala 43 nínú òfin 1965 yẹn fàyè gba certification mark, ìyẹn àmì tó ń jẹ́rìí sí ibi tí ọjà ti wá, bí wọ́n ṣe ṣe é àti bó ṣe dáa tó. Ohun méjì ló wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀. Ẹni tí wọ́n bá fi àmì náà sórúkọ ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ máa ta irú ọjà yẹn fúnra ẹ̀, nítorí náà màmá yín ò lè gbà á, àjọ kan tí kì í ta gàrí ni yóò gbà á, àwọn ìyá á wá máa lò ó. Èkejì, ẹ gbọ́dọ̀ kọ ìlànà ẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó débẹ̀: ta ló lè lò ó, báwo ni wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ ṣe gàrí ọ̀hún, ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ti Champagne, TRIPS dáàbò bo wáìnì àti ọtí líle ju oúnjẹ lọ. Èèyàn ò gbọ́dọ̀ kọ "irú ti Champagne" pàápàá. Fún gàrí, àfi kẹ́ ẹ fi hàn pé oníbàárà ń ṣìnà.

Akin_Ìwó:
Ẹ má bínú o, mi ò bá yín jà. Ṣebí lọ́dọ̀ tiwa àti láti Ọ̀yọ́ ni ẹ̀gẹ́ tí àwọn kan ń lò ní Ìjẹ̀bú ti ń wá nígbà míì? Tí obìnrin kan ní Ìwó bá sì jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ ẹ̀ kan fún ọjọ́ márùn-ún tó yan án bó ṣe yẹ, kí ló dé tí kò fi ní pè é ní gàrí Ìjẹ̀bú? Lójú tèmi irú gàrí kan ló ti dà, kì í ṣe ìlú mọ́.

Lọ́yà_Ẹ̀gbá:
Ìbéèrè gidi lèyí, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. TRIPS ò sọ pé àfi kó jẹ́ pé ilẹ̀ ibẹ̀ ló mú ọjà dáa. Òkìkí tí ibẹ̀ fún ọjà náà tó. Ní Yúróòpù ìpele méjì ni wọ́n pín in sí: èkíní, gbogbo iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, èkejì, apá kan iṣẹ́ náà tó. Gàrí Ìjẹ̀bú lè bọ́ sí èkejì tí ẹ̀gẹ́ bá ti ibòmíì wá, tó bá jẹ́ pé Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti mú un kan tí wọ́n ti yan án.

Ẹ̀rù tó ń bà mí ni ti "irú gàrí kan ló ti dà" yẹn. Cheddar, abúlé ni ní Somerset nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n jókòó títí gbogbo ayé fi ń ṣe wàrà dídì (cheese) Cheddar, orúkọ náà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Feta, wàrà dídì ti Gíríìsì, ò bọ́. Dẹ́ńmáàkì àti Jámánì ń ṣe é, wọ́n pẹjọ́, ilé ẹjọ́ Yúróòpù sì dá Gíríìsì láre ní 2005. Ọ̀kan nínú ohun tí adájọ́ wò ni pé àwọn ará ibòmíì yìí gan-an ló ń ya àwòrán àti àṣà Gíríìsì sára ike wàrà wọn. Ọ̀gbẹ́ni Akin, tó bá jẹ́ irú gàrí lásán ni, kí ni "Original" ń wá lára ọ̀rá wọn?

Ọmọ_Kétu:
Mo ń kí yín láti Kútọnú o. Lọ́dọ̀ tiwa ní Benin ọ̀pẹ̀ òyìnbó Allada tí wọ́n ń pè ní pain de sucre ti gba GI ní 2021, ẹ mọ̀ ọ́n, èyí tí ara ẹ̀ ṣì máa ń ní àwọ̀ ewé bó tiẹ̀ pọ́n, tí inú ẹ̀ funfun tó sì dùn bí oyin. OAPI, àjọ tó ń forúkọ irú ẹ̀tọ́ báyìí sílẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan, tó wà ní Yaoundé ní Kamẹrúùnù, ló fi sílẹ̀, orílẹ̀-èdè 17 ló sì jọ ń lo OAPI yẹn, tó bá ti wọlé ní ọ̀kan ó wọ gbogbo wọn. Kamẹrúùnù ti ṣáájú wa, ata Penja àti oyin funfun Oku ti gba tiwọn láti 2013. Nàìjíríà ò sí nínú OAPI, nítorí náà ẹ ò lè gba ibẹ̀ kọjá, àmọ́ ẹ lè kọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é: ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbìn ín ni wọ́n kọ́kọ́ kó jọ, wọ́n pa ààlà ibi tó kàn, wọ́n kọ ìlànà, ìyẹn ló sì máa ń gba àkókò jù.

Ìjẹ̀bú_Peckham:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè ṣe é. Níbí ní Peckham, ní London, gàrí tí mi ò mọ ibi tó ti wá ló kún ṣọ́ọ̀bù, orúkọ ìlú bàbá mi ló wà lára gbogbo ẹ̀. Mo sì ti kà á pé tí orúkọ ò bá ní ààbò nílé, kò sí dandan kí orílẹ̀-èdè míì dáàbò bò ó. Rooibos, ewé tíì ti South Africa, ti gba tiẹ̀ ní Yúróòpù ní 2021, kí ló ń dá wa dúró?

Ọmọ_Orù:
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún màmá mi lórí fóònù, wọ́n sì ti gbà kí n bá ìyálọ́jà sọ̀rọ̀ kí àwọn tó ń yan gàrí jókòó. Ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nílé ṣá, torí màmá mi ní ọjọ́ mẹ́rin ni kí a kọ sínú ìlànà, àbúrò wọn ní Àgọ́-Ìwòyè ní mẹ́ta ti tó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lọ́yà, ṣé òfin gbà ká kọ "mẹ́ta ó kéré tán" àbí àfi iye kan pàtó? Àti pé ta lẹ rò pé ó lè di àmì yẹn mú fún wa tí kì í ta gàrí?