Ìlú olótùútù, kí ló kàn wọ́n nínú ooru ayé tó ń pọ̀ sí i?

ỌmọGáàAkánbí:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ àyípadà ojú ọjọ́ n'Ílọrin, Odò Àsà tó ń kún, ooru tó ń mú wa kí òjò tó dé, àti òjò tí kò tètè bẹ̀rẹ̀ ló máa ń wá síni lọ́kàn. Ṣùgbọ́n mo rí i pé àwọn ìlú tí yìnyín bò mọ́lẹ̀, láti Rọ́ṣíà dé Kánádà títí dé Dẹ́nmáàkì, náà ń náwó rẹpẹtẹ sórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí òtútù ń pa, ṣé kò yẹ kínú rẹ̀ dùn pé ooru ń bọ̀ ni? Kí ni wọ́n ń bẹ̀rù gan-an, kí ni wọ́n sì ń ṣe sí i? Ẹ jọ̀ọ́, bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ ni mo fẹ́ gbọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbogboogbò. Èwo ló sì lè wúlò fún wa níbí?

ẸnjiníàỌ̀fà:
Àbúrò, o béèrè ohun tó yẹ. Ilẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ wò, kó o tó gbójú sókè.

Ní Yakutsk àti Norilsk ní Rọ́ṣíà, ní Inuvik ní Kánádà, àti ní ọ̀pọ̀ abúlé Alaska ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ dì gbagidi tọdúntọdún. Òkè rẹ̀ nìkan ló ń yọ́ nígbà ooru wọn, ìsàlẹ̀ kì í yọ́. Omi tó dì sínú iyẹ̀pẹ̀ ló so ó pọ̀ bíi sìmẹ́ǹtì. Bó bá yọ́ pẹ́nrẹ́n, ẹrẹ̀ ni. Yìnyín inú rẹ̀ kò sì pọ̀ bákan náà níbi gbogbo, nítorí náà igun kan ilé á rì, igun kejì á dúró. Ògiri á wá là gbọọrọ láti etí fèrèsé.

Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í to búlọ́ọ̀kù sínú fandéṣọ̀n bíi tiwa. Wọ́n á gbẹ́ ihò tó jìn tó mítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á ki òpó kọnkéré bọ̀ ọ́, wọ́n á da ẹrẹ̀ yí i ká, òtútù á sì dì í pa. Dídì yẹn ló gbá òpó mú. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé ilé sókè lórí òpó, bíi mítà kan tàbí méjì, kí atẹ́gùn ìgbà òtútù lè máa fẹ́ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kó máa kó ooru inú ilé lọ kó tó kan ilẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì í sí nìyí: wọ́n rò pé títí ilẹ̀ yóò fi yọ́, kò séwu. Rárá o. Bí ilẹ̀ tó wà ní −3°C bá gorí −1°C, ó ṣì dì, ṣùgbọ́n agbára tó fi di òpó mú ti dín kù gan-an. Ilé tí wọ́n ṣírò òpó rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n òtútù àtijọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í rì kí ẹnikẹ́ni tó rí ẹrẹ̀ kankan. Nítorí náà, wọ́n ń ti ohun tó ń wọn ooru bọ inú ihò lábẹ́ ilé, wọ́n ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n sì ń fi ìwọ̀n ooru tó ń bọ̀ níwájú ṣírò òpó ilé tuntun.

Ọwọ́ èèyàn pàápàá ń ba ilẹ̀ náà jẹ́. Páìpù omi gbígbóná tó ń jò lábẹ́ ilé ló burú jù. Èkejì ni òjò dídì tí wọ́n wà jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri: bíi kúbùsù ló rí, kì í jẹ́ kí òtútù wọlẹ̀. Ẹlòmíì á tún fi pákó dí abẹ́ ilé, á sọ ọ́ di ibi ìkẹ́rùsí.

Níbi tí gbígbé ilé sókè kò bá tó, wọ́n ń lo thermosyphon. Páìpù irin ni, wọ́n dí i lókè nílẹ̀, amóníà tàbí carbon dioxide, èyí tó ń hó nínú mínírà, ló wà nínú rẹ̀. Ìdajì rẹ̀ wà nínú ilẹ̀, orí rẹ̀ yọ síta pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ irin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ooru ilẹ̀ á sọ olómi ìsàlẹ̀ di oru, oru á gòkè, òtútù ìta á sọ ọ́ di olómi padà, á sì ṣàn sísàlẹ̀. Kò lo iná, kò ní ẹ́ńjìnnì. Páìpù epo rọ̀bì Alaska tí wọ́n ṣí ní 1977, tó gùn tó kìlómítà 1,287, ní irú èyí tó lé ní 120,000 lára òpó rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ìgbà tí ìta bá tutù ju ilẹ̀ lọ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Bí ìgbà òtútù bá ń kúrú, àsìkò iṣẹ́ rẹ̀ ń kúrú. Gáàsì sì lè jò láìfohùn, nítorí náà wọ́n ń fi kámẹ́rà tó ń rí ooru wò ó nígbà òtútù: èyí tí orí rẹ̀ bá lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ ń ṣiṣẹ́, èyí tó bá tutù bíi ìta ti kú.

Ní May 29, 2020, tánkì dísù kan rì nítòsí Norilsk, epo tó tó nǹkan bíi 21,000 tọ́ọ̀nù ló dà sílẹ̀, odò sì pupa. Ilẹ̀ tó ń yọ́ ni ilé-iṣẹ́ tó ni ín kọ́kọ́ tọ́ka sí.

ÌyáÌbejìỌ̀mùÀrán:
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká di gbogbo ẹ̀bi Norilsk ru ilẹ̀. Àwọn aláyẹ̀wò Rọ́ṣíà tún rí àṣìṣe nínú bí wọ́n ṣe ya àwòrán tánkì náà àti bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ilẹ̀ tó ń rọ̀ kàn máa ń tú àṣírí iṣẹ́ tí kò dára ni.

Nǹkan méjì ni mo fẹ́ fi kún un. Ìlú mìíràn, kíkó kúrò ni ètò tó kù fún un. Odò jẹ etí abúlé Newtok ní Alaska títí ó fi di dandan kí wọ́n ṣí lọ sí Mertarvik, bíi kìlómítà 14 síbẹ̀. Ìdá kan àwọn ará ibẹ̀ kọ́kọ́ ṣí ní 2019. Ilé àkọ́kọ́ kọ́ ló ń gba àkókò níbẹ̀ o. Ọ̀nà, ibùdó ọkọ̀ ojú omi, iná àti ilé ìwé ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, owó wọn sì wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba oríṣiríṣi.

Ìkejì ni ooru fúnra rẹ̀. Ní June 29, 2021, ó dé 49.6°C ní Lytton, ní ìpínlẹ̀ British Columbia ní Kánádà. Èèyàn 619 ni ooru ọ̀sẹ̀ yẹn pa ní ìpínlẹ̀ náà, inú ilé ni púpọ̀ jù lára wọn kú sí. Ilé tí wọ́n kọ́ láti há ooru mọ́ kì í mọ bí a ṣe ń tú u sílẹ̀.

ỌmọGáàAkánbí:
Ẹ ṣé gan-an. Ẹ̀rù bà mí. Copenhagen, olú ìlú Dẹ́nmáàkì, ńkọ́? Mo gbọ́ pé ilẹ̀ tiwọn kì í dì bẹ́ẹ̀.

AlfaTánkẹ̀:
Omi ni wàhálà ti Copenhagen, òun ló sì jọ tiwa jù. Ní July 2, 2011, òjò rọ̀ níbẹ̀, láwọn ibì kan ó lé ní mílímítà 130 láàárín wákàtí bíi méjì. Páìpù kan náà ló ń gbé omi òjò àti omi ilé ìgbẹ́, nítorí náà nígbà tó kún, ìdọ̀tí ló ń ru sókè nínú yàrá abẹ́ ilé. Ìbàjẹ́ rẹ̀ tó bíi bílíọ̀nù 6 kroner, owó Dẹ́nmáàkì.

Ní 2012 wọ́n gbé ètò kalẹ̀: iṣẹ́ bíi 300 láàárín 20 ọdún. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé wọ́n fi iye sí i. Bí òjò tí à ń retí lẹ́ẹ̀kan ní 100 ọdún bá rọ̀, omi ojú títì kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Ẹni bá ní iye lọ́wọ́ lè yẹ iṣẹ́ wò bóyá ó yege.

Títì tiwa ga láàárín, ó da orí kọ gọ́tà lápá méjèèjì. Títì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n yí padà: àárín ló jin, ẹ̀gbẹ́ ló ga, kí àgbàrá lè sá fún ilẹ̀kùn ilé, kó gba ojú títì dé pápá tàbí èbúté. Pápá ìṣeré inú Enghaveparken jin sílẹ̀, ògiri kúkúrú yí ọgbà náà ká, ó lè gba omi tó lé ní lítà mílíọ̀nù 22. Bí kò bá sí òjò, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá. Ní Tåsinge Plads, wọ́n ya omi òrùlé sọ́tọ̀ sí omi títì, nítorí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ń pa igi.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti Ìlọrin. Òjò mílímítà 60 lórí hẹ́kítà kan jẹ́ lítà 600,000, ìyẹn tánkà omi ọgọ́ta tó ń gba lítà 10,000 níkọ̀ọ̀kan. Pápá ilé ìwé tó gùn ní mítà 100, tó fẹ̀ ní mítà 60, bí a bá gbẹ́ ẹ wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20 péré, á gba ti hẹ́kítà méjì kó tó dé Àsà. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní páìpù kékeré tí omi á máa gbà jáde díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú irin asẹ́ níwájú rẹ̀ tí ọ̀rá kò ní lè kọjá, kí ẹnì kan sì máa kó ìdọ̀tí kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan. Kó gbẹ láàárín ọjọ́ méjì. Bó bá pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀fọn la ń sìn.

ẸnjiníàỌ̀fà:
Alfa, ìṣirò yẹn dára. Kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ pápá, kó dán ilẹ̀ wò lákòókò òjò, má ṣe é nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí òǹgbẹ ń gbẹ ilẹ̀. Gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 50, rọ omi kún un, jẹ́ kó mu tán, tún rọ ọ́ kún, kó o wá fi rúlà wọn bó ṣe lọ sílẹ̀ ní wákàtí kan. Bí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà kan, amọ̀ ti pọ̀ jù nínú ilẹ̀ pupa yẹn, páìpù nìkan ló máa gbé omi náà jáde. Má sì gbẹ́ ẹ sítòsí kànga, ṣáláńgá tàbí fandéṣọ̀n ẹnikẹ́ni.