Ẹ wá sọ tiyín: àwọn tó ń ta géèmù open source bíi pé àwọn ló ṣe é

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, ẹni tírú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí kó wá sọ tiẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí ń ká mi lára gan-an. Mo wà lára àwọn tó ń ṣe géèmù eré ọkọ̀ kan, open source ni, ìyẹn ni pé kóòdù tá a fi kọ ọ́ wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni lè lò ó kó sì tún un ṣe, èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀ o, àwòrán ojú ọ̀nà àtàwọn nǹkan inú ménù ni mò ń bá wọn yà, kò sẹ́ni tó ń sanwó fún ẹnikẹ́ni nínú wa, alẹ́ la máa ń ṣe é lẹ́yìn iṣẹ́ tá a fi ń jẹun. GPL ni láísẹ́ńsì wa, ìyẹn ìwé àdéhùn tó sọ ohun téèyàn lè fi géèmù náà ṣe. Bí ẹnìkan nínú wa ṣe fi líǹkì ránṣẹ́ nìyẹn pé ẹ wá wo nǹkan, la bá rí géèmù wa níbi tí wọ́n ti ń ta ápù fóònù, wọ́n ti yí orúkọ ẹ̀ padà, wọ́n ń gbowó kéèyàn tó dáńlóòdù ẹ̀, ìpolówó tún kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Mo ṣí ibi tórúkọ àwa tá a ṣe é máa ń wà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹyẹ kékeré kan tí mo yà sórí igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ṣì jókòó síbẹ̀ ní tiẹ̀.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, títà kọ́ ló bí mi nínú. GPL ò ní kéèyàn má tà, iye tó bá wù ẹ́ lo lè tà á. Àmọ́ ẹni tó o bá tà á fún lẹ́tọ̀ọ́ láti gba kóòdù ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ, tòun ti gbogbo àtúnṣe tó o ṣe sí i, ó lè tún un ṣe, ó lè pín in, ó lè tà á lóun náà, bẹ́ẹ̀ lo ò gbọ́dọ̀ yọ ọ̀rọ̀ tó sọ ẹni tó ni iṣẹ́ àti láísẹ́ńsì tó wà lórí ẹ̀. Ìwọ̀nba ohun tá a béèrè lọ́wọ́ aráyé nìyẹn, ọ̀gbẹ́ni yìí ò sì ṣe ìkankan.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ó yọ orúkọ wa àmọ́ kò rántí yọ àdírẹ́sì tí wọ́n máa ń fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí, ni àwọn tó rà á bá ń da ímeèlì bò wá. Ìyá kan ń bá wa jà pé ìpolówó tí kò yẹ ọmọdé ń jáde sójú ọmọ òun, ká yáa dá owó òun padà. Owó tá ò fojú rí! Ẹni tó dá géèmù yẹn sílẹ̀ ló ń fara balẹ̀ dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, alẹ́ tó yẹ kó fi tún kóòdù ṣe ló fi ń bẹ àwọn ẹni ẹlẹ́ni.

A kọ̀wé sí ọ̀gbẹ́ni náà, a béèrè kóòdù, kò dáhùn. La bá gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ibi ìtajà lọ. Ẹni tó kàn fẹ́ràn géèmù ò lè pe ẹjọ́ yẹn o, ẹni tó ni iṣẹ́ ló máa fọwọ́ sí i, géèmù bíi tiwa sì rèé, kálukú ló ni ibi tó ṣe, èmi fọwọ́ sí tàwòrán mi, ẹni tó kọ kóòdù fọwọ́ sí tiẹ̀. Git, ohun èlò táwọn tó ń kọ kóòdù fi ń tọ́jú iṣẹ́ wọn, ló gbà wá, torí gbogbo ohun tá a ṣe ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ ẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ kúrò. Kò pẹ́ ló tún fi orúkọ míì wọlé.

* * *

Ẹ kú ìfaradà, bọ̀dá. Tèmi ò gùn. Ẹ̀gbọ́n mi ra ẹ̀rọ géèmù kékeré tí wọ́n máa ń fọwọ́ mú yẹn, wọ́n ní iléeṣẹ́ àwọn ló ṣe gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀. Mo ki mẹ́mórì káàdì ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, RetroArch ni mo bá níbẹ̀, ìyẹn ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń gbá géèmù àtijọ́, Snes9x àti Genesis Plus GX tó ń gbé àwọn géèmù náà ṣiṣẹ́ wà nínú ẹ̀. RetroArch fúnra ẹ̀ GPL ni, àmọ́ àwọn méjì tó kù yẹn, láísẹ́ńsì wọn sọ ọ́ kedere pé wọn ò gbọ́dọ̀ fi pawó. Ká má tíì sọ àwọn géèmù tí wọ́n kó sínú ẹ̀, tó jẹ́ pé iléeṣẹ́ tó ni wọ́n ò mọ̀ sí i.

* * *

Èmi máa ń tà o, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Fíláàṣì ni mo máa ń kó àwọn géèmù open source sí, bíi 0 A.D., SuperTuxKart, Battle for Wesnoth, fáwọn tí déétà wọn ò lè gbé fáìlì ńlá. Kóòdù wọn wà lórí fíláàṣì yẹn kan náà, mo sì kọ ọ́ sí ìwé pé ọ̀fẹ́ ni, ibi tí wọ́n ti lè rí i nìyí, owó fíláàṣì àti wàhálà mi ni mò ń gbà. Kí n tó gbowó ni mo ti máa ń sọ ọ́. Àwọn kan á ní àwọn ò rà mọ́, kò burú. Ẹni tó ṣe PPSSPP, ètò tí wọ́n fi ń gbá géèmù PSP lórí fóònù, náà ń ta èyí tó pè ní Gold, ohun kan náà ni pẹ̀lú tọ̀fẹ́, ó sọ fún gbogbo ayé pé ẹni tó bá fẹ́ ran òun lọ́wọ́ ni kó rà á.

* * *

Ẹ ṣeun ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tà yẹn, ẹ máa tà á lọ jàre, tiyín ò ní wàhálà rárá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ó ti ń sú àwọn tó ń ṣe é. Ní April 2024, ẹnìkan gbé iGBA, ápù tí wọ́n fi ń gbá géèmù Game Boy lórí iPhone, sórí App Store, GBA4iOS tí Riley Testut ṣe ló kọ́pì, ó kó ìpolówó sí i, Apple yọ ọ́ kúrò nígbà tí ariwo pọ̀. Ọdún yẹn náà ni DuckStation, ètò tí wọ́n fi ń gbá géèmù PlayStation àtijọ́, kúrò lórí GPL, wọ́n gbé láísẹ́ńsì tí ò gba òwò tí ò sì gba àtúnṣe wọlé. Aseprite, ètò tí wọ́n fi ń ya àwòrán géèmù, ti kúrò lórí GPL ní tiẹ̀ láti 2016. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀, ẹ ya fọ́tò ojú ewé tí wọ́n ti ń tà á, ẹ kọ orúkọ tí wọ́n fún un sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sáwọn tó ni géèmù kíákíá, torí àwọn nìkan ló lè fọwọ́ sí ìwé tó máa yọ ọ́ kúrò.