Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn: The Forsyte Saga fún rédíò, ọjọ́ Jímọ̀ yìí!

Àdùkẹ́ Òkè-Àpáké: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Rédíò kan níbí ní kí n sọ The Forsyte Saga, ìwé ìtàn ẹbí Forsyte tí John Galsworthy ará England kọ, di eré Yorùbá, kí n gbé apá kìíní wá lọ́jọ́ Jímọ̀, ìṣẹ́jú 25. Ta lẹ mọ̀ tó lè ṣe ohùn bàbá àgbà? Ibo ni mo ti lè gbà á sílẹ̀? Àkókò ò sí mọ́.

Àjàgbé Tákìí: Lọ bá bọ̀dá tó wà lókè ilé àwọn tó ń ta fóònù. Jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ jìnnà sí yàrá.

Bàbá Ìbejì: Orúkọ Jolyon lo máa kọ́kọ́ rò. Láti orí bàbá àgbà dé ọmọ-ọmọ, mẹ́rin ló ń jẹ́ ẹ. Ojú á rí i nínú ìwé pé èyí ni àgbà, èyí ni kékeré. Etí ò ní rí i. Fi oríkì sí i: Àjàní ni bàbá, Àkànní lọmọ.

Ọmọ Akẹ̀sán: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, London nìtàn yẹn ti ṣẹlẹ̀. Ohùn ni kó fi yà wọ́n. Ẹni ọgọ́rin ọdún ò ní mí bí ẹni ogójì.

Bàbá Ìbejì: Ìyá tó ń gúnyán, tí rédíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, ò ní gbọ́ mímí ẹnikẹ́ni.

Akọ̀wé Eré: Àbúrò, ìwé àdéhùn dà? Mo kọ eré apá 13, mo gbé gbogbo rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ kan torí wọ́n ní àwọn fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, mo jókòó nílé onígbàjámọ̀ ní Sábó, mo gbọ́ gbólóhùn tí mo fi dárò ìyá mi lórí rédíò. Orúkọ ẹlòmíì ni wọ́n pè níparí. Mi ò lè dìde lórí àga.

Ìyá Àyọ̀ká: Áà! Ó mà ṣe o. Ilé iṣẹ́ wo?

Akọ̀wé Eré: Mi ò ní dárúkọ. Kí ó má gbé e lọ láìsí ìwé ni mo ń wí.

Àjàgbé Tákìí: Wọ́n ṣe àbúrò mi náà bẹ́ẹ̀.

Ìyá Àyọ̀ká: Kí la tún ń wá lọ sílé òyìnbó? Ìwé Fágúnwà ńkọ́?

Lọ́yà Òwòdé: Ọdún 1963 ni Fágúnwà kú. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé Nàìjíríà ti ọdún 2022, ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ń wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, nítorí náà ó di ìparí 2033. Títí dìgbà náà, àṣẹ ni wàá tọrọ. 1933 ni Galsworthy ti kú, tirẹ̀ ti kásẹ̀. Àdùkẹ́, ìtúmọ̀ tó o ṣe, ìwọ lo ni ín.

Ọmọ Akẹ̀sán: Bẹ̀rẹ̀ níbi mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ June, ọmọ-ọmọ Jolyon àgbà, lọ́dún 1886, tí gbogbo ẹbí péjọ. Má gbàgbé fìlà eérú jákujàku tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ dé lọ kí àwọn ìyá àgbà. Fìlà yẹn ni wọ́n fi wọn ọmọkùnrin náà.

Bàbá Ìbejì: Èèyàn tó pọ̀ tó yẹn ní ìṣẹ́jú 25?

Àdùkẹ́ Òkè-Àpáké: Ẹ ṣé gan-an. Ikú Jolyon àgbà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ igi oak nílé rẹ̀ ní Robin Hill, tó ń retí Irene, ìyàwó ọmọ àbúrò rẹ̀. Bàbá ìyá mi ló kà á, nínú yàrá wa, a fi ìbora dí fèrèsé. Ajá gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀ Jolyon, ẹsẹ̀ náà ò mì. Ibẹ̀ ni bàbá ìyá mi dákẹ́. Mo ka iye ìdákẹ́ náà: ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá. Mi ò ní gé e.

Akọ̀wé Eré: Ìwé àdéhùn ńkọ́?

Àdùkẹ́ Òkè-Àpáké: Màá béèrè lọ́jọ́ Jímọ̀, sà.

Akọ̀wé Eré: Béèrè lónìí.